Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: ẹ̀dà àwòrán apẹja tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyàwó rẹ̀

Ọdún 1856 ni Jozef Israëls, ọmọ bíbí ìlú Groningen ní Netherlands, ya àwòrán yìí. Apẹja kan ń lọ, ó gbé ọmọ kan sápá, ó fa èkejì lọ́wọ́. Sàréè ìyá àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Langs moeders graf ni wọ́n ń pè é lédè Dutch. Ọ̀dà olóróro lórí kánfáàsì ni, gíga rẹ̀ 244 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ rẹ̀ 178.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìwọ̀n yẹn, torí òun gan-an ló jẹ́ ká yan àwòrán yìí. Láyé ìgbà náà, ọba, ọ̀gágun àti àwọn ẹni inú Bíbélì ni wọ́n ń yà tóbi tó bẹ́ẹ̀. Irú àwòrán ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Israëls náà kọ́kọ́ ń yà, lẹ́yìn tó kọ́ṣẹ́ ní Amsterdam àti Paris. Ní 1855 ni àìlera gbé e lọ sí Zandvoort létí òkun, ó wọ̀ sílé káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì fojú ara rẹ̀ rí bí ayé ṣe ń rí fún àwọn apẹja. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, apẹja tí ìyàwó rẹ̀ kú ló fún ní àyè tí wọ́n ń fún ọba.

Ẹ wo bàbá náà. Kò káwọ́ lérí, kò sì lè ká a: apá kan gbé ọmọ, ọwọ́ kejì di ọmọ mú. Ibi tí ọ̀fọ̀ náà sá sí ni ìwọ̀n dúdú àti ìmọ́lẹ̀, ìyẹn àwọn ènìyàn mẹ́ta tó ṣókùnkùn, tí wọ́n wà níwájú òfuurufú tó mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ. Bí dúdú yẹn bá ṣeérú, ìyẹn tó bá ṣì di àwọ̀ eérú, tàbí tó bá sán, ẹni tó ń wò ó á rí bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ jáde nílé, kò ní rí ọ̀fọ̀ kankan. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a kọ sísàlẹ̀ yìí fi dá lórí bí dúdú ṣe máa dúró.

Ìwọ̀n ẹ̀dà yìí

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta la fẹ́ yà á: gíga 81.4 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ 59.4. Ìdí méjì ló wà fún un. Àkọ́kọ́, ó tóbi tó láti fi búrọ́ọ̀ṣì gidi ṣiṣẹ́, kò sì tóbi débi tí yàrá kò ní gbà á. Èkejì, ẹ̀dà kò gbọ́dọ̀ bá ojúlówó dọ́gba ní ìwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á bí ojúlówó lọ́jọ́ iwájú. Àwọn ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà tó ń gba ayàwòrán láyè láti ṣe ẹ̀dà sábà máa ń fi èyí lélẹ̀ lófin. A kò ní kọ orúkọ Israëls sí kọ̀rọ̀ àwòrán náà. Ó kú ní 1911, ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí àwòrán náà ti parí tipẹ́, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tiwa láti kọ.

Igi àti aṣọ

Igi tó gbẹ dénú ni kí ẹ lò. Arère fúyẹ́, ó tọ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ẹ fi oògùn kòkòrò pa á, kí ó sì gbẹ kí aṣọ tó kàn án. Ọ̀gànwó wúwo díẹ̀ jù ú lọ, ó sì máa ń pẹ́. Ọ̀pá mẹ́rin, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan 4.5 sẹ̀ǹtímítà, nínípọn rẹ̀ 2. Ẹ fi ọ̀pá karùn-ún dábùú àárín, torí pé ẹ̀gbẹ́ tó gùn ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ máa ń tẹ̀ wọnú bí aṣọ bá ti ń fà á.

Ẹ fá ojú igi tó máa kọjú sí aṣọ, kó dàgẹ̀rẹ̀ láti etí ìta lọ sínú, tó fi máa lọ sílẹ̀ tó mílímítà mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ káfíńtà ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Bí aṣọ bá fara kan igi, ilà gbọọrọ máa yọ lójú àwòrán lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ní déédéé ibi tí etí igi wà, kò sì sí ohun tó máa pa á rẹ́.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ inú ara wọn lásán, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún èèkàn igi pẹlẹbẹ méjì-méjì, mẹ́jọ lápapọ̀, tí ẹ ó máa fi òòlù kàn wọlé bí aṣọ bá dẹ̀. Kí aṣọ tó kàn án, ẹ fi tépù wọn ún láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀ ní ìdábùú. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 100.8 sẹ̀ǹtímítà. Bí ọ̀kan bá ju èkejì lọ ju mílímítà méjì, férémù náà ti wọ́, gbogbo ilà tí ẹ bá fà lé e lórí ló máa wọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Aṣọ ọ̀gbọ̀ tí kò ní àwọ̀, tó nípọn níwọ̀nba, tó wọn nǹkan bíi 300 gíráàmù ní mítà kan lóròó àti níbùú, ni kí ẹ gé sí 94 × 72, kó lè ṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn férémù. Àárín ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ó kọ́kọ́ kàn, kí ẹ tó máa lọ sí kọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin láàárín ìṣó kan sí èkejì, ẹ̀gbẹ́ kan àti èyí tó dojú kọ ọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti kọ̀rọ̀ kan tó ń kàn án lọ tààrà, òwú aṣọ rẹ̀ máa tẹ̀ lọ́nà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá parí tí ẹ fi ìka kàn án, kó dún bí ìlù.

Àtè àti ọ̀dà ìsàlẹ̀

Òróró kò gbọ́dọ̀ kan òwú ọ̀gbọ̀. Tó bá kàn án, òwú á gbó, á sì máa já. Gọ́ọ̀mù awọ ehoro ni wọ́n ń fi dí i láyé ìgbà náà: 70 gíráàmù nínú lítà omi kan, kó sùn sínú omi tútù, kí wọ́n sì gbé ìkòkò rẹ̀ sínú omi gbígbóná títí yóò fi yọ́. Kò gbọ́dọ̀ kọjá 60 dígíríì, torí tó bá hó, agbára rẹ̀ ti lọ. Gọ́ọ̀mù yìí dára níbi tí afẹ́fẹ́ kì í yí padà púpọ̀. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Lásìkò òjò á fa omi, aṣọ á dẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ á sún kì, á fa aṣọ gan-an, ọ̀dà orí rẹ̀ á sì sán. Ìmọ̀ràn wa fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Kútọnu ni pé kó fi àtè acrylic tí wọ́n ń ṣe fún kánfáàsì dípò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ti èkejì tó wọlé. Bí kò tilẹ̀ rí bíi ti 1856, ó sàn ju àwòrán tó sán lọ.

Ọ̀dà ìsàlẹ̀ olóróro, irú tó jẹ́ alkyd (èyí tó tètè ń gbẹ), ló tẹ̀ lé e. Nǹkan bíi 80 mílílítà máa tó fún ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ ti àkọ́kọ́ wọ àárín òwú, kí ẹ sì há èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà 320 rà á jẹ́jẹ́, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ kun ti èkejì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó bá jẹ́ ọ̀dà funfun òjé lẹ rí lò, ẹ má fi sáńpépà kàn án rárá: eruku òjé ń ba ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Gesso olómi, ọ̀dà ìsàlẹ̀ funfun tó wà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, rọrùn, a mọ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń mu òróró gan-an. Fún àwòrán òdòdó, kò burú. Fún àwòrán tí dúdú ni gbogbo ẹ̀mí rẹ̀, kò yẹ, torí ojú ibi tó dúdú jù ló máa kọ́kọ́ kú.

Bí ọ̀dà funfun náà bá ti gbẹ, ẹ fi tọpẹntáìnì la raw umber (àwọ̀ ilẹ̀) pẹ̀lú ivory black (ọ̀dà dúdú) bíńtín, ẹ kùn ún káàkiri, kí ẹ sì fi àkísà nù ún títí yóò fi di àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ iyanrìn. Lórí funfun gbòò, gbogbo àwọ̀ ló máa dà bíi pé ó dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ á sì máa fà sẹ́yìn.

Fífa ilà

Ẹ tẹ àwòrán náà jáde sórí pépà A3, kó fẹ̀ tó 29.7 sẹ̀ǹtímítà, kó ga tó 40.7. Ìdajì ìwọ̀n kánfáàsì wa gan-an nìyẹn. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà níbùú àti mẹ́jọ lóròó. Lórí pépà, àpótí kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 4.95 sí 5.09 sẹ̀ǹtímítà. Lórí kánfáàsì, á jẹ́ 9.9 sí 10.17. Èédú ni kí ẹ fi fa ilà, kì í ṣe pẹ́ńsù, torí pẹ́ńsù máa ń yọ láti abẹ́ ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Nígbà tí àwòrán bá tọ́, ẹ fi umber tó ṣàn tẹ̀ lé ìlà náà, kí ẹ sì gbọn èédú kúrò.

Ẹ yan fọ́tò kan ṣoṣo, kí ẹ má sì yí i padà. Àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò bára mu: ọ̀kan pọ́n, èkejì ṣe búlúù. Fóònù burú jù fún iṣẹ́ yìí, torí iná ojú rẹ̀ máa ń mú kí dúdú mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tún tẹ ẹyọ kan tí kò ní àwọ̀, dúdú àti funfun nìkan, kí ẹ fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó láwọ̀.

Ìpele òkú-àwọ̀

Òkú-àwọ̀ ni ìpele àkọ́kọ́, tí a fi ń to dúdú àti ìmọ́lẹ̀ kí àwọ̀ gidi tó wọlé. Raw umber àti funfun nìkan ni fún ìpele yìí. Ẹ po ìṣù márùn-ún sílẹ̀ kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ohunkóhun, nǹkan bíi mílílítà 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti èyí tó mọ́lẹ̀ jù dé èyí tí kò ní funfun kankan. Òfuurufú gba èkíní àti èkejì. Ilẹ̀ iyanrìn gba èkejì àti ẹ̀kẹta. Aṣọ bàbá gba ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún. Tọpẹntáìnì díẹ̀ ni kí ẹ fi là á, ẹ má fi òróró kún un.

Ẹ fà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ dijú sí ìdajì. Bí ènìyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ti yọ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo níwájú òfuurufú, iṣẹ́ kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé, ẹ má sì tíì ronú nípa ojú tàbí imú. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ti ń bàjẹ́: wọ́n ya bàbá lọ́tọ̀, wọ́n ya ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àyè ìmọ́lẹ̀ wá pọ̀ láàárín wọn. Israëls so wọ́n pọ̀. Ẹbí tí ẹnìkan ti kú kúrò láàárín wọn ni, èyí tó ṣẹ́kù ti há mọ́ra.

Dúdú

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ní Yúróòpù ló fẹ́ràn bitumen, ìbátan ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń dà sí títì. Bí wọ́n bá fi òróró là á, ó máa ń fún wọn ní àwọ̀ ilẹ̀ tó jinlẹ̀, tó sì ń dán, tó dára fún ìrọ̀lẹ́, fún inú ilé apẹja, fún aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyà rẹ̀ kì í yọjú títí di ẹ̀yìn ọ̀la. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí òróró gbẹ tán. Ọ̀dà tí wọ́n bá kùn lé e lórí á gbẹ, á sì le, èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa rọ̀, á máa yí nígbàkúùgbà tí ooru bá mú. Òkè á wá ya kúrò lára ara rẹ̀, sísán rẹ̀ á fẹ̀ bí etí ọ̀bẹ, bitumen á sì máa yọ láàárín rẹ̀. Kò sí atúnṣe tó lè dá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Nítorí náà, a kò lò ó. Ẹ po burnt umber (umber tí wọ́n sun) ìdá méjì mọ́ ultramarine (búlúù) ìdá kan, kí ẹ wá fi transparent oxide brown (àwọ̀ ilẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá) díẹ̀ mú un gbóná. Dúdú tó bá jáde jinlẹ̀, ó sì ṣeé yí: ultramarine á mú un tutù níbi tí aṣọ bá kọjú sí òfuurufú, brown á mú un móoru nínú ìṣẹ́po.

Ivory black náà ní ewu tirẹ̀. Ó ń gba òróró púpọ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Bí ẹ bá kùn ún ní òun nìkan sísàlẹ̀, tí ẹ wá fi àwọ̀ tó tètè gbẹ bò ó, ohun tó ṣe bitumen ló máa ṣe òun náà, bí kò tilẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi umber pò ó. Manganese wà nínú umber, òun ló ń mú kí òróró tètè gbẹ.

Òfin tó ń darí gbogbo rẹ̀ kò nira: ìpele tó wà lókè gbọ́dọ̀ ní òróró ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ìpele kìíní, tọpẹntáìnì. Ìpele kejì, ọ̀dà bó ṣe jáde látinú túùbù. Ìpele kẹta, stand oil (òróró linseed tí wọ́n sè títí ó fi ki) ìdá kan sí tọpẹntáìnì ìdá méjì, kí ẹ sì kán an díẹ̀díẹ̀.

Funfun

Ẹ ka kóòdù àwọ̀ tó wà lẹ́yìn túùbù kí ẹ tó rà á. PW1 ni funfun òjé, PW6 ni titanium, PW4 ni zinc. Ọ̀pọ̀ túùbù tí wọ́n kọ titanium sí lára ló ní PW4 nínú. Zinc máa ń gan nínú òróró, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ìpele orí rẹ̀ á sì máa ṣí. PW6 nìkan ni kí ẹ rà.

Israëls kò ní titanium, òjé ni funfun ìgbà tirẹ̀. Titanium lágbára jù ú lọ, ó sì tutù, nítorí náà òfuurufú yín á fẹ́ jọ ẹfun. Ẹ dín in kù sí ìdajì ohun tí ọwọ́ yín bá fẹ́ bù, kí ẹ sì máa fi yellow ochre (àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀) tó ṣẹ́ẹ́rẹ́ pò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkùukùu kò gbọ́dọ̀ funfun ju ìṣù kìíní tí ẹ ti pò sílẹ̀ lọ.

Ọwọ́ bàbá, ọwọ́ ọmọ

Ibi tí ọwọ́ bàbá ti di ọwọ́ ọmọ mú kò ní tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lórí kánfáàsì wa, ibẹ̀ la sì ti lo àkókò jù. Búrọ́ọ̀ṣì onírun líle nọ́ńbà 2 ni, kì í ṣe èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọ̀ mẹ́ta péré: ìmọ́lẹ̀, àárín, òjìji. Red earth (àwọ̀ ilẹ̀ pupa), yellow ochre, funfun àti umber ni wọ́n ti jáde. Ẹ kọ́kọ́ kun ọwọ́ méjèèjì pọ̀ ní àwọ̀ àárín, bíi pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi òjìji là wọ́n níbi tí àtàǹpàkò bàbá ti tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ, kí ẹ wá fi ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lé eegun ìka. Níbi yòókù, ẹ jẹ́ kí etí ọwọ́ kan wọ inú èkejì láìsí ìlà.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kíka ìka. Ẹni tó bá ya ìka márùn-ún pẹ̀lú èékánná ti sọ ọwọ́ náà di ohun ìwòran, ojú kò sì ní lọ síbòmíràn mọ́. Bákan náà ni omijé: ìdánwò máa wà láti fi funfun tín-ń-tín sí abẹ́ ojú bàbá. Ẹ má ṣe é. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, bàbá yìí sì ní ọ̀nà tó ní láti máa wò nítorí àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Vincent van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands tó fẹ́ràn iṣẹ́ Israëls gan-an, gba ọ̀nà míì ní 1890, nígbà tó ya arúgbó tó fi ìkúùkù méjèèjì bojú, aṣọ rẹ̀ búlúù fòò. Àwòrán yẹn wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Kröller-Müller ní Otterlo, ní Netherlands. Ilà àti àwọ̀ ló gbé ọ̀fọ̀ tiẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kò lè lo àkọsílẹ̀ yìí.

Nígbà tí dúdú bá ṣeérú

Lẹ́yìn tí ìpele kejì gbẹ, aṣọ bàbá kú lójú ní apá kan, ó fẹ́ jọ eérú, nígbà tí apá kejì ṣì ń dán. Umber ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìpele ìsàlẹ̀ ti mu òróró rẹ̀. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ má fi àwọ̀ tó dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ bò ó, torí tí fánìṣì bá dé, gbogbo ibẹ̀ á wá di ihò dúdú.

Ẹ po òróró linseed àti tọpẹntáìnì ní ọgbọọgba, ẹ fi aṣọ òwú tí kì í ya ra bíńtín rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì nù ún títí ìka kò fi ní rí òróró mọ́. Dúdú náà á padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ kùn ún, nígbà náà ni ẹ ó mọ̀ bóyá ó ń fẹ́ àtúnṣe lóòótọ́. Òróró tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìnù á pọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ. Orí ibi tó gbẹ dáadáa nìkan ni kí ẹ ti ṣe é.

Àkísà, ẹ̀yìn àwòrán àti fánìṣì

Àkísà tó ti mu òróró linseed lè gbiná fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ká a jọ sínú ike tàbí igun yàrá, torí òróró náà ń mú ooru jáde bó ṣe ń gbẹ. Inú agolo onídèérí tó ní omi ni kí ẹ máa jù ú sí ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo.

Ẹ̀yìn igi, kì í ṣe ẹ̀yìn aṣọ, ni kí ẹ kọ ọ́ sí pé ẹ̀dà ni, orúkọ ẹni tó yà á, ọdún tó yà á, àti pé látara iṣẹ́ Jozef Israëls ti 1856 ni. Íńkì tí wọ́n bá kọ sẹ́yìn aṣọ lè yọ síwájú.

Ó kéré tán, oṣù mẹ́fà ni kó fi dúró kí fánìṣì tó kàn án, ọdún kan ló sàn jù fún ibi tí dúdú bá ti nípọn. Ẹ fi òwú tí ẹ fi white spirit (omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà) rẹ ra igun dúdú kan tí kò hàn. Bí àwọ̀ bá bá òwú jáde, ẹ ṣì dúró. Fánìṣì tó ṣeé nù kúrò lọ́jọ́ iwájú ni kí ẹ yàn, kì í ṣe ti káfíńtà. Ọjọ́ tí oòrùn mú, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ni kí ẹ kùn ún. Lọ́jọ́ òjò, ìkùukùu funfun máa ń bò ó, orí dúdú ló sì ti ń hàn jù. Láàárín ìgbà tó ń dúró yìí, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri tó wà nínú ilé, kì í ṣe ògiri tí òjò ń lù lẹ́yìn, kí ẹ sì fi ègé kọ́ọ̀kì sí ẹ̀yìn kọ̀rọ̀ méjì ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí aṣọ má baà bu. Inú òkùnkùn kọ́ ni kó wà, torí òróró tó gbẹ nínú òkùnkùn máa ń pọ́n.